Ẹ Sọ Ọ́ Láìfi Ọlọ́run Kún Un

Ìwé gírámà tí mo gbé wá sí Omifunfun kò ní èèpo. Ojú ìwé kẹtàlélógún ló ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé obìnrin tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjà Pọ́bẹ̀ ti fi àwọn ojú ìwé ìṣáájú di ẹ̀pà fún àwọn oníbàárà kí n tó débẹ̀. Títí di òní mi ò mọ ohun tó wà níwájú ìwé yẹn. Ṣùgbọ́n láti ojú ìwé kẹtàlélógún dé òpin, mo lè sọ fún yín ohun tó wà lápá òsì àti ohun tó wà lápá ọ̀tún, àti ibi tí ikán ti jẹ ẹ́ dé.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo lọ. Faransé tí mo mọ̀ kọjá ti ibẹ̀, èmi ni mo kọ́ ara mi, láti inú ìwé yẹn àti láti inú rédíò. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́, nítorí pé irú ènìyàn tí mo jẹ́ wà lára ohun tó kó bá mi.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ibi tí yìnyín ti ń bọ́ nìkan là ń pè ní ìdálẹ̀. Ìdálẹ̀ tèmi ni Omifunfun, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, níbi tí kòkó pọ̀ ju ènìyàn lọ. Pọ́bẹ̀ ni mo ti wá, ní ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn níhìn-ín ń pè ní Kùtọnu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà jìn láàárín Pọ́bẹ̀ àti Kùtọnu gan-an. Nígbà tí mo kúrò nílé, ọmọ mi Àṣàkẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ìyá rẹ̀ ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Ilẹ̀ bàbá wa kéré, àwa ọkùnrin mẹ́fà sì là ń wò ó. Mo fi ọmọ náà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo ní ọdún mẹ́fà péré ni.

Mi ò ṣàdédé mú ọdún mẹ́fà. Bí wọ́n ti ń ṣe é níhìn-ín ni pé onílẹ̀ á fún àlejò ní igbó, àlejò á ṣán an, á gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ìbòòji, á gbin kòkó sábẹ́ rẹ̀, á sì tọ́jú rẹ̀ títí á fi so dáadáa. Nígbà tó bá di ọdún kẹfà, wọ́n á pe ẹlẹ́rìí, wọ́n á rin oko náà já, wọ́n á sì fi pèrègún pààlà rẹ̀ sí méjì. Ìdajì di ti onílẹ̀, ìdajì di ti ẹni tó gbìn ín. Òfin kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́: àlejò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ààlà lọ́jọ́ ìpín. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ ti jọ̀wọ́ ìpín tirẹ̀.

Onílẹ̀ mi ni bàbá arúgbó kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Díákónì, nítorí ipò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó rẹ̀ ni Ìyá Bùnmi.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ni èdè. Mo ti rò pé Yorùbá ni Yorùbá. Mo dé oko, Bàbá Díákónì bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Ìkálẹ̀, mo sì dúró bí ẹni tí omi wọ̀ létí. Ó pẹ́ kí n tó ṣàkíyèsí pé ohùn kan wà tí wọ́n ń mú jáde láti ọ̀nà ọ̀fun níbi tí àwa ti ń lo ètè, pé ohun tí mo ń pè ní ọwọ́, ọghọ́ ni lẹ́nu tiwọn. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé gírámà mi. Láàárín oṣù mẹ́ta, mo ti kọ ojú ìwé méjì kún. Ṣùgbọ́n bí mo bá la ẹnu sọ ọ́, ẹ̀rín ni.

"Kùtọnu," Ìyá Bùnmi máa ń wí, "Yorùbá tìẹ yìí, inú ìgò wo ni wọ́n dà á pa mọ́ sí?"

Ohun kejì tó yà mí lẹ́nu ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìyá Bùnmi ń bó ẹ̀gẹ́, mo sì sọ fún un pé, "Mà, mo máa lọ sí Ore lọ́la."

Ó dá ọ̀bẹ dúró. "Lágbára ta?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà?"

"Mo ní lágbára ta lo máa fi lọ sí Ore?"

Mo rò ó wò. "Ọ̀kadà, mà."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀gẹ́ yí kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó pe ọkọ rẹ̀ kí ó wá gbọ́. Fún bí ọdún kan, bí mo bá ń kọjá, ẹnìkan á bi mí bóyá lágbára ọ̀kadà ni mo fi ń rìn.

Nílé wa náà a máa ń dárúkọ Ọlọ́run sí ohun tí à ń retí, ṣùgbọ́n ohun ńlá ni, bí ìgbéyàwó tàbí ilé kíkọ́. Ní Omifunfun, ẹni tó fẹ́ lọ bu omi ní odò gbọ́dọ̀ fi í kún un. Ẹni tó bá sọ ohun tó fẹ́ ṣe lọ́la tó sì dákẹ́, àwọn tó wà níbẹ̀ á dúró bí ẹni tó ń retí ìyókù gbólóhùn. Bí kò bá wá, ẹnìkan á bá a parí rẹ̀: lágbára Ọlọ́run. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ọ̀ṣọ́ ẹnu. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé mi bẹ́ẹ̀, pé ọ̀ṣọ́ ni.

Iṣẹ́ kò ṣòro fún mi láti mọ̀, ó kàn pọ̀ ni. Ní ọdún kìíní, mo ka igi kòkó tí mo gbìn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlà sí ìlà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo máa ń ru omi láti odò wá fún àwọn tí ewé wọn ti ń rọ. Mo mọ èyí tí òkété gé àti èyí tó hù lẹ́yìn tí mo ti sọ̀rètí nù. Ọjọ́ mìíràn wà tí mi ò gbọ́ ohùn ènìyàn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, n ó sì máa ka gírámà fún kòkó. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kòkó kì í fi ẹnìkan ṣe yẹ̀yẹ́.

Ore ló máa ń pa mí lára jù. Ọjọ́ tí mo bá lọ ra oògùn tí à ń fín sí kòkó, mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ gárèèjì kọjá, àwọn agbèrò á sì máa pariwo, "Bẹ̀nì! Bẹ̀nì! Ó ku ẹnìkan!" Orúkọ ilẹ̀ mi ni wọ́n ń pè. Ìlú Bìní tó wà níwájú ni wọ́n ní lọ́kàn, ọ̀nà ìlà-oòrùn, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn mi ni ilé wà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, nígbà gbogbo tí wọ́n bá pè é, orí mi á yí.

Nẹ́tíwọ̀kì kò wọ ilé ní Omifunfun nígbà náà. Orí kùkùté ìrókò kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì la ti ń rí i. Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, èmi àti àwọn àlejò mìíràn á tò síbẹ̀, ẹnìkan lórí kùkùté, àwọn yòókù nísàlẹ̀ tí wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ eyín Àṣàkẹ́ tó yọ. Mo sọ pé mo gbọ́ ọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fẹ́ jáde láàárín rẹ̀ bí afẹ́fẹ́. Níbẹ̀ náà ni mo ti gbọ́ ọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Faransé dáhùn, lẹ́yìn náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn kúkúrú, lẹ́yìn náà tí ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Ó ní òun ń fọ abọ́."

Ní ọdún karùn-ún, Bùnmi, ọmọ Bàbá Díákónì tó ń ṣiṣẹ́ tísà ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ore, bá mi pẹ̀lú ìwé gírámà lábẹ́ igi.

"Ẹ̀yin gbọ́ Faransé," ó ní, bí ẹni tó ká mi mọ́ ibi kan.

"Díẹ̀."

"Ilé-ìwé wa ní Faransé lórí àtẹ ìṣètò àkókò, kò sì sí ẹni tó ń kọ́ ọ. Ní wákàtí yẹn, ńṣe làwọn ọmọ ń kọrin. Ẹ wá. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni."

Bàbá Díákónì gbà, níwọ̀n bí oko kò bá ti kún. Báyìí ni èmi tí mi ò kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe di Mìsíọ̀, orúkọ tí wọ́n fi ń pe ọ̀gá ní Faransé. Mi ò lè sọ ayọ̀ yẹn fún yín tán. Mo fọ ṣẹ́ẹ̀tì mi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo sì lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé náà wà lójú ìwé kọkànlélọ́gọ́rin. Òun ni bí a ṣe ń sọ ohun tó kù díẹ̀ kí á ṣe. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà, aller, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "lọ". Ojú mẹ́fà ló ní: je vais, tu vas, il va, nous allons, vous allez, ils vont. Mẹ́rin fi v bẹ̀rẹ̀, méjì fi a bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ti mọ ojú mẹ́fà yẹn, o kò nílò láti yí ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn padà mọ́. Mú èyíkéyìí bó ti wà, jẹun, sùn, kọrin, kí o fi tì í lẹ́yìn, ó parí. Je vais manger, mo máa jẹun. Ils vont chanter, wọ́n máa kọrin. Bí o kò bá ní ṣe é, ara aller ni ne àti pas máa há mọ́, wọn kò ní fọwọ́ kan ìkejì: je ne vais pas partir, mi ò ní lọ. Mo ṣàlàyé èyí lórí pátákó pẹ̀lú ẹfun aláwọ̀ méjì tí mo fi owó ara mi rà. Mo wo ojú àwọn ọmọ náà bóyá ẹnìkan á mí kanlẹ̀ nítorí ẹwà rẹ̀. Ẹnìkan yán.

"Demain," mo ní. "Lọ́la. Kí lẹ máa ṣe?"

Ọmọbìnrin kan dìde. "Je vais manger ìrẹsì, lágbára Ọlọ́run."

"Àmín," ni kíláàsì dáhùn.

Mo ní kò sí lágbára Ọlọ́run nínú gbólóhùn náà. Je vais, lẹ́yìn náà manger, ibẹ̀ ló parí sí.

Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn nawọ́. "Mìsíọ̀, bí mi ò bá wá rí ìrẹsì ńkọ́?"

"Gírámà kò bi ọ́ bóyá ìrẹsì wà."

Mo gbádùn ìdáhùn yẹn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Láàárín oṣù kan, mo ti gé e kúrò lẹ́nu gbogbo wọn. Ìyá ọmọ kan wá sí ilé-ìwé láti bi mí ìdí tí ọmọ òun fi ń sọ̀rọ̀ ọ̀la nílé bí ẹni pé òun ló ni ín. Mo fi ojú ìwé kọkànlélọ́gọ́rin hàn án. Ó wo ìwé náà, ó wo mí, ó sì lọ.

Ọdún kẹfà pé. Kòkó mi so láti ìsàlẹ̀ igi dé apá. Mo lọ bá Bàbá Díákónì nípa ìpín, ó ní, "A máa pín in, lágbára Ọlọ́run." Oṣù kan kọjá, mo tún bi í. "Lẹ́yìn òjò yìí, lágbára Ọlọ́run." Òjò dáwọ́ dúró. "Bí ara bá le, lágbára Ọlọ́run." Kò pariwo mọ́ mi, kò sì fojú burúkú wò mí rí. Inú rere ló fi ń sún mi síwájú.

Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí kùkùté, lọ́jọ́ Ìsinmi kan. Ọkọ rẹ̀ ti ṣubú lulẹ̀ láti oṣù mélòó kan, apá rẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́, ọmọ mẹ́rin tirẹ̀ sì wà nílẹ̀. Obìnrin kan ní Kùtọnu ń wá ọmọbìnrin tí á máa bá òun ṣiṣẹ́ ilé. Ó ní òun ti sọ ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́ fún un, pé kó wá mú un kí ilé-ìwé tó wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni."

"Mo mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Èmi ni mo ń wẹ̀ fún un."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún Àṣàkẹ́ ní fóònù.

"Àṣàkẹ́, je vais venir," mo ní. Mò ń bọ̀.

Ó ní, "Bàbá, a ti kọ́ ọ ní ilé-ìwé. Tísà wa ní ẹni tó bá sọ ọ́ báyẹn ti dìde tán láti ṣe é ni. Tẹ́lẹ̀, je viendrai lẹ máa ń sọ, èyí tí wọ́n ń lò fún ọjọ́ tó ṣì jìnnà. Ṣé ẹ ti dìde?"

Lórí kùkùté ni mo dúró, kò sí bí mo ṣe tún lè dìde ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní, "Mo ti dìde."

Láti ibẹ̀, ọ̀dọ̀ Bàbá Díákónì ni mo gbà lọ tààrà. Ó jókòó sí iwájú ilé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti àgbà ìjọ kan. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọmọ mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó káàánú mi, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní, "A máa pín in láìpẹ́, lágbára Ọlọ́run."

Ohun tí mo sọ lẹ́yìn ìyẹn, ohùn tí mo fi ń bá kíláàsì sọ̀rọ̀ ni mo fi sọ ọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ dárúkọ ọjọ́ kan fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ láìfi Ọlọ́run kún un."

Ìyá Bùnmi gbé ọwọ́ lé orí. Àgbà ìjọ náà wo ilẹ̀. Bàbá Díákónì ń wo adìyẹ kan tó gba àárín wa kọjá, tó sì padà.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ó ní. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Ṣé o gbọ́ ohun tí mo fi kún un? Mi ò fi nǹkan kan kún un." Ó dìde, ó wọlé.

Ìyá Bùnmi sìn mí dé ìta. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Kùtọnu, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún lo ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ gba ọ̀la. Kí ló ṣe ọ́?"

"Ọjọ́ ni mo fẹ́ mọ̀, mà."

"O ti mọ̀ ọ́ báyìí."

Mo lọ pẹ̀lú ayọ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo gé igi pèrègún méjìlélógún, mo tò wọ́n sẹ́bàá ilẹ̀kùn nínú garawa omi. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ní bó bá di Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ti dé.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gun orí kùkùté ni fóònù dún lọ́wọ́ mi. Obìnrin Kùtọnu náà ti fa ọjọ́ sún mọ́ tòsí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń bọ̀ wá mú ọmọ, lọ́sàn-án.

"Ẹ ní kó dúró di Ọjọ́bọ̀."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọmọ mìíràn wà tí òun lè mú. Àbúrò, o ti ń bọ̀ láti ọdún mẹ́fà."

Mo sáré lọ bá Bàbá Díákónì. Ó ṣì wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí á sún un sí ọjọ́ Ajé, tàbí kí á sún un sí ọ̀sẹ̀ kejì. Ó tẹ́tí gbọ́ mi tán.

"Mo ti pe ẹlẹ́rìí mẹ́rin," ó ní. "Ọ̀kan ń ti Ago Aláyé bọ̀. Ká ní mo sọ fún wọn pé lágbára Ọlọ́run ni, ǹ bá ránṣẹ́ sí wọn lónìí pé Ọlọ́run kò tíì fọwọ́ sí i, kò sì sẹ́ni tó máa bínú. Báyìí, kí ni kí n wí? Pé mo pa irọ́? Ìwọ ni o ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi gbé e."

Mi ò gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì kà á nínú ìwé kankan. Ohun tí mo pè ní ọ̀ṣọ́, ilẹ̀kùn ni. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn yìí ń gbà jáde nínú ọ̀rọ̀ ara wọn láìdójúti ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ń sún ọjọ́, wọ́n fi ń dárí ji ara wọn, wọ́n sì fi ń sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ fún ẹni tí wọn kò fẹ́ bà lọ́kàn jẹ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé láàárín wọn, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kan ilẹ̀kùn náà pa, pẹ̀lú ọmọ mi lódìkejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo lọ sí oko. Mo rìn láàárín ìlà sí ìlà. Mo fọwọ́ kan èyí tí òkété gé ní ọdún kejì, èyí tó tún hù tó sì ti ga jù mí lọ. Mo gbìyànjú láti ṣírò ohun tí ìdajì oko yẹn lè ṣe fún Àṣàkẹ́ bó bá pé ogún ọdún, mo sì gbìyànjú láti rí ojú rẹ̀ bó bá pé ogún ọdún. Mi ò rí ojú kankan. Ojú ọmọ ọdún márùn-ún nìkan ni mo ní. Mo jókòó sórí ewé gbígbẹ, mo sì sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Nígbà tí mo dìde, mo gba Ore lọ. Ìyá Bùnmi rí mi pẹ̀lú àpò.

"O ń lọ?"

"Mò ń lọ mú ọmọ mi wá, mà."

Ó dúró. Mo mọ ohun tó ń dúró dè. Mo ní, "Lágbára Ọlọ́run."

"Àmín," ó ní, ó sì bú sẹ́kún.

Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oòrùn ti wà láàárín orí. Ọmọbìnrin gígùn kan jókòó sórí àpò kan níwájú ilé, ó wọ bàtà tó tóbi jù ú lọ. Mo fẹ́ bi í bóyá Àṣàkẹ́ wà nílé. Òun ló kọ́kọ́ mọ̀ mí. Kò sáré wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi bí ẹni tó ń kí àlejò, ó sì wo ẹsẹ̀ mi tí eruku bò dé orúnkún.

"Ẹ dìde lóòótọ́," ó ní.

Ní wákàtí kan náà, ní Omifunfun, àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́rin ti rin oko mi já, wọn kò sì rí mi.

A padà síhìn-ín, èmi àti òun, nítorí pé kò sí ibòmíràn tí mo lè gbé e lọ. Bàbá Díákónì kò bá mi jà. Ó ní oko náà ti di ọ̀kan, òun kò sì lè pín in mọ́ nítorí àwọn tó gbọ́. Ó mú mi lọ sí igbó kan lẹ́bàá odò, ilẹ̀ tó máa ń gba omi. "O lè bẹ̀rẹ̀ níbí," ó ní, "lágbára Ọlọ́run." Ọdún mẹ́fà mìíràn nìyẹn. Mo ti gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn pèrègún tí mo gé hu gbòǹgbò nínú garawa níbi tí mo fi wọ́n sí, mi ò sì ní ààlà tí mo lè rì wọ́n sí.

Bùnmi bá Àṣàkẹ́ wá àyè ní ilé-ìwé wọn. Àwọn ọmọ ń fi Yorùbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ti fi tèmi ṣe. Ìyá Bùnmi ń kọ́ ọ bí a ṣe ń yan gàrí. Ṣùgbọ́n kò tú àpò rẹ̀. Ó ń yọ aṣọ kan níbẹ̀ láàárọ̀, ó ń fọ̀ ọ́, ó sì ń ká a padà sínú rẹ̀. Àpò náà wà lẹ́bàá ẹní rẹ̀, ó di ẹnu rẹ̀ pa. Mi ò bi í léèrè.

Ní ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo mú àdá láàárọ̀. Mo sọ fún un pé mò ń lọ sí ẹ̀bá odò, mo sì máa padà kí oòrùn tó wọ̀, lágbára Ọlọ́run.

Ó ń gbálẹ̀. Ó dá ìgbálẹ̀ dúró.

"Bàbá," ó ní, "ẹ sọ ọ́ láìfi Ọlọ́run kún un."

Ó ń wo ẹnu mi. Mo rí Bàbá Díákónì lọ́kàn mi, bó ti jókòó síwájú ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, adìyẹ náà tó kọjá tó sì padà. Mo ronú nípa ejò abẹ́ ewé, nípa ẹ̀ka tó lè já, nípa ìyá rẹ̀ tó jáde lọ sí ilé ìwòsàn lówúrọ̀ ọjọ́ kan tó ní òun máa padà. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà pọ̀ ju gbogbo ẹ̀rù tó ti bà mí ní ìdálẹ̀ lọ.

"Je vais revenir," mo ní. Mo máa padà. Mo dákẹ́ síbẹ̀.

Ó mi orí pé òun gbọ́, ó sì ń gbálẹ̀ lọ.

Mi ò ṣán ju ìlà mẹ́ta lọ lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo ìgbà ni mo ń wo ibi tí oòrùn dé. Nígbà tí oòrùn ṣì ga, tí àwọn mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo fi àdá sábẹ́ apá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Àwọn ènìyàn ń bi mí lójú ọ̀nà pé kí ló dé. Mo ní mo ti sọ pé mo máa padà, mi ò sì fi nǹkan kan kún un. Mo sáré gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọjá kùkùté ìrókò, mo sì ń pe orúkọ rẹ̀ kí n tó rí ilé.